Agbára Tí Kì Í Gbáni Mọ́ Àga

Ọkọ̀ agbókùú ni ọkùnrin yìí fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan tó yà sílẹ̀ rí lójú títì. Ta ni í gbé pósí sáré? Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń yà á sílẹ̀, àwọn arúgbó tó ń fẹsẹ̀ rìn ń bá a dọ́gba, wọ́n tún ń kí i. Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ẹnu àwọn èèyàn dùn bí wọ́n bá ń pè é, àmọ́ orúkọ náà ń gún òun lára bí ẹ̀gún.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò ra àga ìgbafẹ́, kò sì sin adìyẹ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ eré pupa kan ló lọ rà, ó pẹlẹbẹ débi pé àgbàlagbà tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀. Kò ní písítìnnì tó ń lọ sókè sódò. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀, tọ́bò méjì sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Tọ́bò kìíní á ti máa ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, èkejì á dúró títí eré á fi wọra, á wá já wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn, á sì gbá èèyàn mọ́ àga gbàù. Bàbá Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn gbàù yẹn ju oúnjẹ àárọ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, ó ní ó tán. Ó ní gbogbo èrò tí ọkọ òun ti gbé rí, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n wà, wọn kì í sì í ráhùn; òun ò tíì ṣetán láti bá wọn ṣẹgbẹ́.

Gbàù yẹn kò sì ran Bàbá Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ níbi tó ti ń fẹ́ ẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan pósí fún wọn níbi iṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú, òun náà sì ní ọkọ̀ ńlá kan tó ń bú ramúramù. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n máa ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì, wọ́n á sì figa gbága. Ìgbà gbogbo ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń kọ́kọ́ dé òpin, á ká ọwọ́ lẹ́rán, á wá béèrè bóyá àwọn tó ń sunkún ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ó ní kó bá òun fi agbára ẹṣin kún ọkọ̀. Ọmọ béèrè pé ẹṣin mélòó, ó ní gbogbo èyí tó bá wà nílẹ̀.

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó ṣàlàyé. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan irin tó ń yí yẹn, kò nípọn ju abẹ lọ, òun ló ń dí agbára mọ́ inú. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ ju epo lọ, tàbí tí ooru bá pọ̀ jù, epo á bú gbàmù kí àkókò rẹ̀ tó tó, irin yẹn á kán, ẹ́ńjìnì á sì di ìtàn. Nítorí náà, kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan tọ́bò rárá. Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí ọjọ́ ogbó ti là, ó fi páǹpù epo tó lágbára sí i, ó wá rédíétọ̀ tó tóbi fún òróró ẹ́ńjìnì àti fún atẹ́gùn, ó sì mú kí sàlẹ́ńsà mí dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó fi atẹ́gùn díẹ̀ kún un, ó wá tò ó kí tọ́bò kejì ti máa wọlé wẹ́rẹ́ kó tó di pé ó rẹ àkọ́kọ́.

Bàbá Jẹ́jẹ́ wà á yí àdúgbò ká, ó sì padà dé pẹ̀lú ojú tó le koko. Gbàù ti lọ.

Ó ní, “Ẹṣin tí mo ní kí o fi kún un, ṣé o tà wọ́n ni?”

Ọmọ ní kó máa wo aago eré, kó yé fi ẹ̀yìn wọn eré. Bàbá ní ẹni tó tún aago ṣe lè kọ́ ọ nírọ́ pípa. Ọmọ wá fọwọ́ kan súkúrù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò, ojú rẹ̀ ò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

“Dádì, ẹ má yí èyí o. Bí atẹ́gùn bá fi díẹ̀ pọ̀ ju báyìí lọ, ẹ́ńjìnì lè dá kú mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lórí eré. Tó bá sì bàjẹ́, mi ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí mọ́ láyé.”

Òtítọ́ ló sọ, àmọ́ kò yẹ kó fi ibẹ̀ hàn án. Nígbà tí Sátidé dé, sukudiráfà wà nínú àpò Bàbá Jẹ́jẹ́.

Ó dúró kí ọmọ kọjá sí òpin pápá lọ́hùn-ún, ibi tó ti fẹ́ wo ẹni tó máa ṣáájú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń bú ramúramù. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wo omi, ó sì ki ẹnu sukudiráfà bọ orí súkúrù náà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún.

Ìyàwó rẹ̀ tó bá ọmọ wọn wá ti jókòó. Ó ti de ara rẹ̀ mọ́ àga, ó ń fi gèlè nu òógùn ojú.

“Ọmọ mi ní kò gbáni mọ́ àga mọ́,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ, oòrùn yìí ti pọ̀ jù.”

Ọwọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ kò kúrò lórí súkúrù. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, ì bá ti yí i, kí ohun tó bá fẹ́ já kó já. Àmọ́ ó gba àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì wo obìnrin náà, ó rí ọrùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kán lọ́jọ́sí, àyà rẹ̀ sì já. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju kí òun borí lọ. Inú rẹ̀ kò dùn rárá láti mọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé. Ó yọ sukudiráfà, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ àjíǹde.

Gbẹ́nàgbẹ́nà fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n gbéra. Bàbá tẹná, ó ń retí gbàù. Gbàù ò dé. Ọkọ̀ kàn ń yọ́ lọ ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti parí, ó sì yíjú sápá òsì kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe máa ya òun sílẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Ó rò pé ọkọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kọ̀ láti gbéra ni, àánú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ ṣe é. Ìgbà tó wo dígí ẹ̀yìn ló rí ọkọ̀ ńlá yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti kéré bí ìdun, ó ń fi gbogbo ara sáré bọ̀.

Ó wá wo aago eré. Kò sáré tó ìdajì èyí rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lanu sílẹ̀ díẹ̀, ó ń hanrun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, àdúrà kún ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dúró níwájú ọmọ wọn, ìyá lajú, ó ní ṣé wọn ò ní í gbéra ni. Ọmọ ní wọ́n ti dé, gbẹ́nàgbẹ́nà ló kù tó ń bọ̀. Inú ìyá ò dùn sí i. Ó ní òun ò wá jókòó sínú oòrùn kí wọ́n lè fi oorun rẹ́ òun jẹ. Ó ní kí bàbá yí ọkọ̀ padà, kó tún un sá, kó sì tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn lọ́tẹ̀ yìí, nítorí òun máa lajú sílẹ̀.

Bàbá Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo táyà. Ó fa ọmọ rẹ̀ lápá lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé kò sí bí o ṣe lè bá mi dín in kù díẹ̀? Ìyá rẹ ló wà nínú ọkọ̀.”

Kí ọmọ tó fèsì, ìyá ti na ọwọ́ sí fèrè, ó ń fun ún.