Tẹlifíṣọ̀n Tí Bàbá Ọláìtán Yàn

Ọkọ mi ò gbà pé ojú òun ni. Tẹlifíṣọ̀n ni. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ogún nínú rẹ̀ ní Durumi l'Ábújá níbí, kò sì sí ìṣòro kan láyé yìí tí kò ní fẹ́ fi sukudíráfà tú wò. Nínú oṣù kan péré, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tú tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wa palẹ̀. Ó ní iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kú, ìyẹn àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tó máa ń tàn lẹ́yìn gíláàsì kí àwòrán tó lè hàn. Ó pààrọ̀ wọn. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó tún pààrọ̀ wọn. Àwa tó kù nínú ilé ń fi ọwọ́ bojú, nítorí tẹlifíṣọ̀n ti ń tàn bí iná mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú ẹni.

"Ìyá Ọláìtán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yìí dúdú. Ṣé o ò rí i ni?"

"Mi ò rí dúdú kankan, Bàbá Ọláìtán."

"Ojú ẹ ò mọ iṣẹ́ ni."

Ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Lọ́jọ́ tó gbé irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé lé ìka ara rẹ̀, mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù ní Gwagwalada. Bí dókítà ṣe mẹ́nu ba ojú báyìí, ọkọ mi dìde, ó ní òun ń lọ mu omi. Èmi nìkan ni mo jókòó gbọ́ ọ. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò sí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Ó ní kó máa kán oògùn sójú lójoojúmọ́, kí ìwọ̀nba tó kù má bàa bá a lọ. Mo bi í pé báwo ni ìwọ̀nba náà ṣe pọ̀ tó, ó kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé fún mi.

Irọ́ ni mo lọ pa níta. Mo bá ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì, ó gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri, ó ń ṣàlàyé fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, òótọ́ sì kọ̀ láti jáde lẹ́nu mi. "Wọ́n ní kí ẹ máa kán oògùn yìí," mo ní, "ojú yín á máa mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Ó kán an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ló bá sọ ìgò náà sí ààtàn. Ó ní tó bá ṣe pé ojú òun ni, oògùn ì bá ti ràn án. Kí ni mo fẹ́ wí? Oṣù méje ni mo fi dákẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, ó ní ká lọ ra tuntun. Ọ̀dọ̀ Mùbárákù la lọ ní Utako, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ẹni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n.

"Sànnu, ọ̀gá mi!" Mùbárákù dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Kai, ẹ̀yin náà wá ra tuntun?"

"Èyí tí àwòrán àti ohùn rẹ̀ dáa jù ni kó o gbé wá. Má gbé ìranù fún mi."

Ọkọ mi kì í fi eré yẹ tẹlifíṣọ̀n wò. Fìláàṣì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kó àwòrán pamọ́, wà lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, funfun báláú láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó ní ara funfun ni àbùkù ti ń hàn. Mùbárákù fi í sára tẹlifíṣọ̀n èkíní. Bàbá Ọláìtán sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dúdú. Òmíràn."

Èkejì, ọ̀tún dúdú. Ẹ̀kẹta, ọ̀tún àti ìsàlẹ̀. Mùbárákù wò mí, mo wolẹ̀.

"Ọ̀gá, inú páálí ni mo ti yọ èyí níṣojú yín o."

"Tan gbogbo èyí tó wà lára ògiri."

Mọ́kànlá ni wọ́n. Ó lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn. Nígbà tó dé ìkẹyìn, ó dúró.

"Mùbárákù, kí ni mo kọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ra mínírà tútù fún yín."

"Mo ní kí ni mo kọ́ ọ?"

Ohùn Mùbárákù lọ sílẹ̀. "Ẹ ní tí ẹyọ kan bá ní àbùkù, ká tú u. Tí gbogbo wọn bá ní àbùkù kan náà, ká má tú ìkankan. Ká wá ohun tí wọ́n jọ ń lò."

Ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó wo ògiri náà. Ó wá bo ọ̀tún, ó tún wò ó.

"Ìyá Ọláìtán, kí ni dókítà yẹn sọ gan-an?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lò tó ọdún kan. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, títí kan èyí tí mo yí padà. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

"Ká ní mo ń kán an láti ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Ìwọ̀nba tó kù nígbà yẹn ì bá ṣì wà."

Ó fa àga kan, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn tẹlifíṣọ̀n náà, ó ní kí Mùbárákù máa ṣí ìròyìn lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ohùn ènìyàn la fi ń mọ tẹlifíṣọ̀n, orin a máa bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ló yàn. A yà ra oògùn náà lọ́nà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, kò bi mí ohun tó wà fún.

Nílé, ọwọ́ ló fi wá gbogbo ojú ihò tó fi so wáyà rẹ̀. Ó jókòó.

"Ibo lo gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí?"

"Òkè pátápátá, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ."

"Fà á wálẹ̀."

Mo fà á dé ìdajì.

"Fà á wálẹ̀ sí i. Iná ẹ̀yìn kì í pẹ́ kú tí wọ́n bá ń fi ṣòfò."

Mo fà á wálẹ̀ títí ojú ẹni tó ń ka ìròyìn fi di òjìji, tí èmi náà ò rí i mọ́. Ó ní ó ti tó.