Irun Funfun Nínú Ìgò Abẹ́rẹ́

"Irun ta ni èyí?"

Bàbá Laith, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, gbé ìgò oògùn abẹ́rẹ́ kan sókè síwájú iná. Ìgò náà kò ju ìka ọwọ́ lọ, omi inú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bó ṣe mì ín díẹ̀, ohun kan dìde láti ìsàlẹ̀, ó ń lọ́ bí ejò tí kò lórí: fọ́nrán irun kan, funfun, tín-ín-rín. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án tó dúró níwájú rẹ̀ wo ìgò náà títí.

"Mo ní irun ta ni? Àbí ìgò ló hù ú?"

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sáré gbé e mì.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Ghassan dúró sí, ó há ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ abíyá. Òun ni wọ́n gbà láti máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ yàrá mímọ́, níbi tí wọ́n ti ń rọ oògùn sínú ìgò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gba inú asẹ́ wá láti òkè àjà, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, kí eruku má baà ríbi dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ yóò bọ́ bàtà, yóò bọ́ aṣọ, yóò fọwọ́, yóò wá gbé ẹ̀wù funfun kan wọ̀ tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Ojú àti irun òkè rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Wọn kì í sáré níbẹ̀, wọn kì í ju apá. Ghassan a máa gbé ẹ̀rọ tó ń ka eruku wọlé lójoojúmọ́, a sì kọ ohun tó bá kà sílẹ̀. Yunifásítì ti Irbid ló ti jáde, kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti rú u lójú kì í jẹ́ kó jẹun.

"Irun funfun ni," Bàbá Laith ní. "Nínú àwọn tó ń jókòó nídìí ẹ̀rọ, ta ló ti hu ewú?"

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí Ìyá Yazan.

Tahani lorúkọ obìnrin náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò nídìí ẹ̀rọ tó ń rọ oògùn, láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Kò yẹjú.

"Bàbá Laith, láàlì ni mò ń lé sórí láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi. Bí irun mi bá já, pupa ni yóò já."

"Láàlì kì í dé ìdí irun."

"Ẹ ti bá mi débẹ̀ rí?"

Ẹ̀rín bú. Bàbá Laith nìkan ni kò rín.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan wá. Ghassan á gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, á fi wé ti inú ìgò. Ọ̀rọ̀ parí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Ìyá Yazan fa etí ìborí dúdú rẹ̀ mọ́ra.

"Irun tí àbúrò ọkọ mi kò rí rí, òun ni kí n já fún ọmọ ọkùnrin kó lọ gbé síwájú iná, kó máa fojú bolẹ̀ wò? Ẹ má bínú sí mi. N kò ní í ṣe é."

"Ó di Alámìsì," Bàbá Laith ní. "Bí irun kò bá dé orí tábìlì mi, ìwọ náà má dé ibí mọ́."

Ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Ghassan ti tú gbogbo asẹ́ wò, kò sí èyí tó ya. Ó dáná sun fọ́nrán kan tí wọ́n yọ nínú ìgò: kò rùn bí aṣọ, kò rùn bí bébà, irun gan-an ló ń rùn. Ó kó ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jọ, ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọ yàrá mímọ́ àti àsìkò tó wọlé, ó wá kọ àsìkò tí ìgò tó ní irun jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àsìkò kọfí òwúrọ̀ àti ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n orúkọ kan kò bá gbogbo wọn mu. Tí eléyìí bá wà lónìí, kò ní í sí lọ́la, irun á sì tún jáde. Ọjọ́ méjì tilẹ̀ wà tí Ìyá Yazan gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tí ìgò mẹ́ta sì ní irun.

Ó gbé ìwé náà lọ fún ọ̀gá.

"Irun lè ti wà nílẹ̀ láti àná," Bàbá Laith ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Orí tí irun ti já ni kí o wá fún mi, má wá èyí tí kò ti já."

"Ṣùgbọ́n, ọ̀gá…"

"Ghassan. Aláìsàn ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ yìí fún, wọn kì í gún un fún ìwé."

Nígbà tí orí rẹ̀ bá gbóná báyìí, ẹnu ọ̀nà ló máa ń lọ, sọ́dọ̀ Alájì Muflih, bàbá ọlọ́dẹ tó wá láti apá aṣálẹ̀ Ma'an. Òtútù Sahab, ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà, a máa gé etí ènìyàn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Kí àlejò tó jókòó rárá, Alájì á ti bọ́ farwa ara rẹ̀, ẹ̀wù ńlá tí aṣọ dúdú wà lóde rẹ̀ tí awọ àgùntàn wà nínú, á jù ú sí àlejò lọ́rùn. Kò sí ẹni tó ń kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ ẹ̀wù, kọfí rẹ̀ ti dà nù nìyẹn. Ghassan tilẹ̀ fẹ́ràn kó fa ọrùn ẹ̀wù náà sókè títí yóò fi bò ó dé ojú.

"Akọ̀wé, irun ọ̀hún ṣì ń sá fún ọ?"

"Alájì, ẹ̀rọ tí mò ń lò ń ka eruku tí ojú ẹ̀dá kò lè rí. Irun tó gùn tó èékánná ló wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí ló ń jẹ? Ohun tó bá ń sá, oúnjẹ rẹ̀ la fi ń mú un."

"Irun kì í jẹun, Alájì."

"Ìwọ náà kì í jẹun. Wo ọrùn rẹ bí ọrùn ògòǹgò." Ó tún bu kọfí sí i. Ó di ìgbà tí Ghassan gbọn ife lẹ́ẹ̀mẹta, bí àṣà wọn láti fi sọ pé ó tó, kí Alájì tó dáwọ́ dúró.

Bó bá ti kúrò níbẹ̀, yàrá mímọ́ ló ń gbà lọ tààrà pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni iṣẹ́ gbà á tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, Ọjọ́rú lẹ́ẹ̀meje. Àánú Ìyá Yazan ń ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà á. Ohun tó wá burú ni pé bó ṣe ń wá irun tó ni irun ń pọ̀ tó. Ìgò mọ́kàndínlógún ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ ní Ọjọ́rú nìkan. Àwọn tó ń yẹ ìgò wò níwájú iná ń pariwo pé, "Ẹ bá wa wá abẹ fífárí o, ìgò ti ń hu irùngbọ̀n!"

Ìyá Yazan kò bá wọn rín. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Ní Alámìsì, irun kò dé orí tábìlì. Bàbá Laith fún Ìyá Yazan ní ìwé ìyọníṣẹ́. Ó kó sálúbàtà rẹ̀ àti ife tíì rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde síta láti dúró de ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkan. Ghassan jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú farwa, ìwé àkọsílẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, kò lè wo ojú obìnrin náà.

Alájì Muflih dìde, ó ká ẹ̀wù náà kúrò lára Ghassan, ó nà án sí Ìyá Yazan. "Òtútù kò mọ ẹni tí wọ́n lé, ìyá. Ẹ bora."

"Ọlọ́run á bò yín láṣìírí, Alájì." Ó wé e mọ́ ara, ó fi bo orí.

"Ìyá Yazan," Ghassan ní, "ẹ jẹ́ kí n tún bá a sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ìmọ̀ rẹ ti pẹ́ jù, ọmọ mi. O kọ orúkọ gbogbo wa tán, o kò rí i."

"Gbogbo ẹni tó wọlé ni mo kọ. Ẹyọ kan kò yọ sílẹ̀."

Ọkọ̀ fọn fèrè ní ìkóríta. Ìyá Yazan bọ́ farwa, ó dá a padà fún Alájì, ó wá wo èjìká ara rẹ̀.

"Ẹ wò mí! Alájì, àgùntàn yín ti ń pá lórí o."

Gbogbo ìborí dúdú náà, láti òkè dé èjìká, kún fún fọ́nrán funfun. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e síwájú oòrùn pẹ̀lú ìka méjì. Ó tín-ín-rín. Afẹ́fẹ́ gbá a, ó lọ́ bí ejò tí kò lórí.

Ghassan gbé ọwọ́ sí irun òkè ojú ara rẹ̀. Ọ̀kan bá ìka rẹ̀ wá. Ó tún nù ún, òmíràn tún wá. Ó wo ìwé tó wà lórí orúnkún rẹ̀: ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ló wà ní gbogbo ojú ewé, àsìkò tó wọlé láti ka eruku ló wà lókè ìlà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó wọlé.

Ọkọ̀ ti dúró. Ìyá Yazan ti gbé ọwọ́ sókè láti gbọn ìborí rẹ̀.

"Ìyá Yazan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n kúrò," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá Laith báyìí. Èmi ni."