Páànù Tuntun fún Màmá

"Ẹ dúró níbẹ̀ o! Ẹ má yọ ìṣó kankan mọ́!"

Káfíńtà bojú wolẹ̀ látorí òrùlé ìyá rẹ̀. Ó ti ṣí ìdajì páànù àtijọ́ náà dànù, bẹ́ẹ̀dì ìyá náà sì hàn gbangba nísàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ilé màmá mi ni. Òrùlé ló ń jò, mo ń pààrọ̀ ẹ̀ ni."

"Ẹ ò lè pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ti yí òfin àdúgbò yìí padà. Ilé alájà mẹ́rin nìkan lẹ lè kọ́ síbí báyìí. Àwọn ilé àtijọ́ lè dúró, tẹ́nikẹ́ni ò bá ṣáà ti fọwọ́ kàn wọ́n."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dá ti àtijọ́ padà."

"Ìyẹn náà, ilé kíkọ́ ni wọ́n máa kà á sí."

Hà! Irú kí lèyí? Kò gbọdọ̀ tún un ṣe, kò sì gbọdọ̀ dá a padà. Níbi tí télọ̀ kan ń gbé tẹ́lẹ̀ lápá ọ̀tún, ilé onígíláàsì ló ti rú jáde níbẹ̀. Lápá òsì, ilé kọfí àwọn olówó. Ẹni kan náà ló ni méjèèjì, òun nìkan náà ló sì ń fẹ́ ra ilé ìyá Káfíńtà. Bí òjò bá wọ yàrá yìí tán, iye tó bá wù ú ló máa san.

Ara rẹ̀ gan-an ni Káfíńtà ń bínú sí. Ṣebí ìyá ti kìlọ̀ fún un! "Jẹ́ kó máa jò. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án." Ẹ̀rín ni Káfíńtà fi ọ̀rọ̀ náà rín. "Àwọn wo ni wọ́n? Ṣé ilé wọn ni?" Ó dúró di àárọ̀ yìí tí ìyá jáde, ó gun òrùlé. Ó fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu.

Òjò ti ṣú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ yàrá bá ìyá rẹ̀ tó ti padà dé.

"Màmá, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

"Kí n bú ẹ kí ló dé? Ẹ̀gbẹ́ ibí ni kóo ti gbá bẹ́ẹ̀dì yìí mú. Ṣé àyè á gbà mí lọ́dọ̀ ẹ?"

Yàrá kan ni òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ ń gbé.

"Á gbà yín, Màmá."

Ó tẹ̀ ba, ó rí báàgì méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kún fọ́fọ́. Nígbà tí ìyá dé láàárọ̀, tó bá a lókè òrùlé, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi" nìkan ló sọ, tó fi wọlé. Inú Káfíńtà ti dùn nígbà náà. Àṣé ẹrù ni ìyá wọlé lọ dì.