Ó Kan Ọkọ Rẹ̀

Ìyá aránṣọ tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún yọ lójú kọ̀ǹpútà: a kò mọ ẹ̀rọ yìí, ẹ gba àṣẹ tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí géèmù yín tó lè ṣí. Ẹ gbà mí, ẹ̀rọ wo ni wọn ò mọ̀? Kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ ló sì wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Kọ̀ǹpútà náà ti ń pariwo, ẹ̀rù ń bà á pé yóò kú, ló bá bẹ Ẹ̀ńjíníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé pé kó pààrọ̀ inú rẹ̀. Ariwo lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n géèmù ò dá ẹ̀rọ náà mọ̀ mọ́.

Ìlú ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń kọ́ nínú géèmù yẹn. Bí ọ̀kan bá kọ́lé, yóò dúró kí ìkejì la títì. Ọkọ rẹ̀ a máa fi orúkọ àwọn àna rẹ̀ sọ títì, èyí tó bá sì rí kọ́lọkọ̀lọ jù ló máa fún ìyá ìyàwó. Inú á bí ìyàwó, á sì tún rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ lọ sílé ìwòsàn, ọkọ ló kàn láti la títì. "Má fọwọ́ kàn án o," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Mò ń bọ̀ wá la títì mi." Kò padà wálé mọ́. Ìyàwó ò fọwọ́ kàn án. Bó bá ti palẹ̀ aṣọ mọ́ nírọ̀lẹ́, á ṣí géèmù náà, á ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó kan Bàbá, á sì tì í padà. Bó ṣe ń dúró de ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀ńjíníà gòkè wá, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó mirí.

"Mọ̀mí, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé. Kò sẹ́ni tó máa fún yín láṣẹ mọ́."

"Ọkọ mi rà á ni. Kò jí i."

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Àwọn tó jí i ń gbá tiwọn lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi irú tiwọn sí i, ìlú yín ṣì wà níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ti tìtorí géèmù jíjí bá ọ̀rẹ́ jà rí. Ìyá aránṣọ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Fi sí i. Á dárí jì mí."

Ó ṣí. Ilé wọn, títì kọ́lọkọ̀lọ ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó ní láti di àga mú. Inú Ẹ̀ńjíníà náà dùn, ó sì fẹ́ kó dá a lójú pé géèmù ń ṣiṣẹ́, ló bá tẹ bọ́tìnnì. Títì kékeré kan là, kò já síbì kankan.

"Ẹ wò ó, Mọ̀mí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin ló kàn báyìí."

Kò bú u. Kí ló fẹ́ torí rẹ̀ bú u? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó. Láti ọjọ́ ìsìnkú làwọn èèyàn ti ń sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti lọ, ó sì ń dá wọn lóhùn pé òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò gbọ́. Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe fa àga sún mọ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa kọ́lé sí.