Àmì Lára Ilẹ̀kùn

"Ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni," ni Màmá Akíntáyọ̀ wí, ó sì fi ìka gbá tábìlì kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, Màmá Ṣẹwà. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí ìlú kan, tí wọ́n bá ní kí ẹ padà ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin náà ni. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ máa rí. Mo fojú ara mi rí tọkọtaya òyìnbó kan tí wọ́n ń sáré bọ̀ létí omi, tí wọ́n ń juwọ́, tí bàtà obìnrin náà fò yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwa tá a wà lókè kàn ń wò wọ́n ni. Ọkọ̀ ò dúró."

Títíloyè rẹ́rìn-ín nítorí pé àlejò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já.

Ìgbà márùn-ún ni Màmá Akíntáyọ̀ ti wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ugbowo, nílùú Benin. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀ lásán, òkun ni yóò fi dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé yìí, Títíloyè fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é wá sílé wọn ní Uwasota. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì tí òun àti ọkọ rẹ̀ yóò fi rìnrìn àjò. Adéṣẹwà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Southampton, ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méje lójú òkun fún wọn, láti fi ṣàjọyọ̀ ogójì ọdún ìgbéyàwó wọn.

"Oògùn yín ńkọ́?" Màmá Akíntáyọ̀ wo inú àpótí tó ṣí sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Háà! Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀ kíákíá. Inú báàgì ọwọ́ ni oògùn ń gbé. Àpótí ńlá yìí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín létí omi, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá yín. Lọ́dún àkọ́kọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà nínú àpótí, mo wá jókòó bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Ẹ mú atalẹ̀ dání pẹ̀lú, torí bí òkun bá ń jó, ikùn yín náà á bá a jó. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ti fóònù o, ó máa ń purọ́ lójú òkun. Ẹ sì dé ìlú tí ẹ ti máa wọkọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí bàlúù má baà kó bá yín."

Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ó yọ káàdì méjì tó ní okùn tí wọ́n ń fi kọ́rùn, àti aṣọ pupa tín-ín-rín méjì.

"Ẹ̀bùn mi rèé. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí káàdì, kí ẹ fi kọ́rùn. Aṣọ yìí, ara ilẹ̀kùn yàrá yín ni kí ẹ so ọ̀kan mọ́. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ, gbogbo wọn ló jọra. Mo ti wọ yàrá ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan rí, bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín èyí ni Oyèlékè ti wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, erùpẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ oko, kò sì tíì jáwọ́ nínú erùpẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá Akíntáyọ̀! Ìgbà wo lẹ dé?"

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì fún obìnrin náà, kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn.

"Ẹ má dá Bàbá Ṣẹwà lóhùn o," ni Títíloyè sáré wí. "Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe."

Oyèlékè wo àpótí náà. "Ta ló ń rìnrìn àjò?"

Màmá Akíntáyọ̀ gbá itan. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ò ní fẹ̀rín pa mí!" Oyèlékè bá wọn rẹ́rìn-ín nítorí pé ó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Títíloyè mọ ẹ̀rín yẹn. Kò sí ohun tó dùn ún nílé ayé báyìí tó ẹ̀rín yẹn.

"Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?" Oyèlékè mú ọ̀kan nínú aṣọ pupa náà.

"Ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ń so ó mọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ẹ má baà ṣìnà."

Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi, ó sì mú aṣọ náà jáde.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí dókítà ti dárúkọ àìsàn náà fún wọn. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Oyèlékè gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Títí, má sọ fún Ṣẹwà. Mi ò fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n ṣì jẹ́ bàbá rẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i." Títíloyè ṣèlérí. Láti ìgbà náà, tí Adéṣẹwà bá pè, ó máa ń jókòó ti ọkọ rẹ̀, á máa fi ètè sọ ìdáhùn fún un bí ẹni ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti jíwèé wò nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Oyèlékè ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ìrẹsì àti ẹ̀wà sí, ó rò pé ilé ìtọ̀ ni.

Màmá Akíntáyọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí fóònù fi dún.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn. They need it today o. Ẹ kàn fill gbogbo ẹ̀, kí ẹ send ẹ̀ sí mi."

"Ó ku ìbéèrè kan, ọmọ mi. Màá fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ṣé Daddy wà okay?"

"Wọ́n wà dáadáa."

Ìbéèrè kẹsàn-án ni ìbéèrè náà. Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ẹ̀yin arìnrìn-àjò ní àìsàn ìgbàgbé, tàbí àìsàn tó lè mú kó ṣìnà? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Títíloyè ti ń wò ó. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Adéṣẹwà á mọ̀, ó sì ti da ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, tí Oyèlékè wá sọ nù ní ìlú tí wọn ò mọ èèyàn kan, tí ọkọ̀ sì lọ ńkọ́?

Ó wá rò ó pé òun á dán ọkọ òun wò. Ọgbọ́n olùkọ́ ni, ó ṣe tán, olùkọ́ lòun náà kí òun tó fẹ̀yìn tì.

"Bàbá Ṣẹwà, ẹ wọ bàtà. À ń lọ sí Ọjà Oliha, a máa ra atalẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, aṣọ pupa wà lára irin rẹ̀, Oyèlékè ti so ó ní kókó líle. Ìyá Osaro, aládùúgbò wọn, ti dúró lódìkejì tó ń wò ó.

"Mama Sewa, wetin be dis red cloth? Na who una dey quarrel with?"

Ojú ti Títíloyè. Ta ni yóò rí aṣọ pupa lẹ́nu géètì ní Benin tí kò ní rò pé oògùn tàbí ìjà ni? Ó na ọwọ́ láti tú u, kókó náà kò tú, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ti dúró. "A máa tú u tá a bá dé," ló wí fún ara rẹ̀.

Ní ẹnu ọjà, ó fi káàdì kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí o fi ń so nǹkan mọ́ mi lọ́rùn?" ni Oyèlékè wí.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé a ti wà lójú òkun. Ibi tí mo dúró yìí ni ọkọ̀. Ẹ wọlé lọ ra atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, kí ẹ padà ní aago mọ́kànlá."

Oyèlékè fi ìka ta káàdì náà. "Ìdánwò lo fẹ́ ṣe fún mi, àbí? Èmi tí mo fi ìdánwò pa àwọn ọmọ yunifásítì lẹ́kún fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Ó rọra gba báàgì ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ní òun fẹ́ mú owó níbẹ̀, ó dá a padà, ó sì wọ inú ọjà lọ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ gígùn. Aago mẹ́wàá àbọ̀ ni.

Aago mọ́kànlá lù. Títíloyè na ọrùn. Ó di mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó rántí òyìnbó obìnrin tí bàtà rẹ̀ fò yọ. Nígbà tó fi pé ogún ìṣẹ́jú, ó pe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Inú báàgì tó wà lápá rẹ̀ ni fóònù ti ń dún. Ó ṣí i. Fóònù Oyèlékè wà níbẹ̀, okùn káàdì sì lọ́ mọ́ ọn lára.

"Mo gbé!" ló pariwo. Àwọn èèyàn yíjú sí i.

Ó wọ inú ọjà bí ẹni tí iná ń lé. Bàbá gíga kan, tó wọ búbá búlúù, tó ní ewú, ó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ìyá tó ń ta atalẹ̀ gbé ojú sókè.

"Daddy wey tall? E don buy ginger since. E price am well well, sef."

"Which side e go?"

Obìnrin náà kàn na ọwọ́ síwájú, sí apá tí kì í ṣe ibi tí Títíloyè dúró sí. Títíloyè sáré gba ibẹ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ. "Mo fọwọ́ ara mi sọ ọkọ mi nù. Olúwa, mo fọwọ́ ara mi sọ ọ́ nù. Ta ló rán mi ní ìdánwò?"

Ní ẹnu ọjà kejì, ó rí Àkànní, ọmọ Ìwó tó ń ta bàtà, tí wọ́n jọ máa ń pàdé níbi ìpàdé àwọn Yorùbá.

"Ẹ rọra, màmá, kí ló dé? Bàbá? Mo rí wọn mà! Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n tiẹ̀ béèrè ọmọ mi. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ níbí yìí."

"Àwọn nìkan? O ò sì dá wọn dúró?"

"Màmá, kí ni ǹ bá dá wọn dúró sí? Èèyàn bíi ti bàbá!"

Kò lè bínú sí i. Òun ló fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún gbogbo èèyàn. Bó bá ti sọ fún Àkànní ní ìpàdé tó kọjá, Àkànní ì bá ti di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Uwasota, ó ń yọjú wo ojú ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó sì ń bẹ oníkẹ̀kẹ́ pé kó sáré díẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò, ó rí búbá búlúù.

Oyèlékè jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú géètì wọn, ó gbé ọ̀rá atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ lé ẹsẹ̀. Aṣọ pupa wà lókè orí rẹ̀.

"Títí," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró dè ọ́. Ṣé ọkọ̀ ti lọ?"

Títíloyè jókòó tì í, ó sì bú sẹ́kún. Kò bìkítà bóyá Ìyá Osaro ń wò wọ́n.

"Mi ò mọ ẹnu ọjà tí mo gbà wọlé mọ́," ni Oyèlékè wí nígbà tó yá. "Mo rántí Uwasota. Oníkẹ̀kẹ́ sọ̀ mí kalẹ̀ lọ́hùn-ún, mo wá ń rìn. Gbogbo géètì ló dúdú, Títí, gbogbo wọn ló jọra. Mo kan ọ̀kan, obìnrin kan yọjú, kì í ṣe ìwọ." Ó gbé ojú sókè wo aṣọ pupa náà. "Ìgbà tó yá ni mo rí aṣọ yìí."

"Ẹ sì dá a mọ̀?"

"Èmi ni mo so ó."

Títíloyè nu ojú. "Bàbá Ṣẹwà, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ sọ fún Ṣẹwà. Lónìí."

Oyèlékè ń yí atalẹ̀ kan lọ́wọ́. "Bóyá wọn ò ní gbà wá sọ́kọ̀ mọ́."

"Bóyá."

Oyèlékè ju atalẹ̀ náà sínú ọ̀rá. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi," ló wí. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì rántí ohun tí mo fẹ́ sọ."

Wọ́n wọlé. Títíloyè mú fọ́ọ̀mù, ó sì fa àmì sí ibi bẹ́ẹ̀ ni níwájú ìbéèrè kẹsàn-án. Ó pe Adéṣẹwà, ó sì gbé fóònù lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò jókòó tì í.

"Ṣẹwà, bàbá rẹ ni. Má já lu ọ̀rọ̀ mi o. Jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Títíloyè mú aṣọ pupa kejì lórí tábìlì. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹnu ilé ìtọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti pálọ̀. Oyèlékè ń sọ ọ́ létòlétò, bó ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ níjọ́sí. Lẹ́ẹ̀kan péré ló dúró.

"Títí! Kí ni dókítà ní wọ́n ń pè é?"

Títíloyè sọ orúkọ àìsàn náà sókè láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ọmọ wọn náà lè gbọ́, ó sì fa kókó náà kó le.