Wọ́n Ní Ẹ̀rọ Ló Sọ Ọ́

Nígbà tí Euphrasie gbé pọ́tábù rẹ̀, ìyẹn fóònù alágbèéká tó ń lò, kalẹ̀ láàárín àwọn àgbà ẹbí, tó tẹ̀ ẹ́ pé kó máa sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ta ni yóò gbọ́ ohùn bàbá òun tí yóò tún jiyàn?

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí Eustache, bàbá rẹ̀, ti kú. Àgbẹ̀ ni ní Lèma, ọmọ méjì péré ló sì fi sílẹ̀. Josué ni àkọ́bí, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kútọnu. Euphrasie ni àbígbẹ̀yìn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà wálé, ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣe oko. Odindi ọdún mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú oko kajú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Òun ló ń ro abẹ́ igi, òun ló ń ṣa èso, òun náà ló ń gé koríko yí oko ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí iná àwọn ọdẹ má baà wọ̀ ọ́.

Ní ọdún tó kọjá, ó lọ ta iṣu ní ọjà Glazoué, bàbá rẹ̀ sì fi fókáàlì ránṣẹ́ sí i, ìyẹn ohùn tí wọ́n máa ń gbà sínú pọ́tábù fi ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tí àwọn àgbà ń gbọ́ báyìí nìyẹn:

"Euphrasie, oko kajú yẹn, ìwọ ni mo fún. Mo ti rò ó dáadáa. Ilẹ̀ ọ̀nà Gbaffo wà fún Josué, ó tó o. Má gbàgbé, ra iyọ̀ bọ̀."

Ọ̀ọ̀dẹ̀ Bàbá Séverin, àbúrò olóògbé tó jẹ́ olórí ẹbí, ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Mísà ọjọ́ Àìkú ni. Àgbà kan fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Òmíràn nu ojú. Ni Josué bá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bàbá Séverin, ẹ má bínú sí mi. Ohùn bàbá mi ni, ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́ ló sọ ọ́."

"Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

"Ẹ̀rọ kan ti dé báyìí. Bí ẹ bá fún un ní ohùn ènìyàn díẹ̀, yóò kọ́ ọ bí odídẹ. Lẹ́yìn náà, ẹni yòówù kó sọ̀rọ̀ sí i, yóò pa ohùn rẹ̀ dà sí ti ẹni tó kọ́kọ́ kọ́. Òkú tàbí alààyè, kò yà á lẹ́nu."

"Òótọ́ ni," ni ìyá àgbà kan wí. "Mo rí ewúrẹ́ tó ń kọrin nínú pọ́tábù ọmọ mi. Ewúrẹ́ gidi ni lójú mi, wọ́n ní irọ́ ni."

Ara Euphrasie bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ìwé mélòó ni mo kà?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀ ní Dassa. Èèyàn kì í ránṣọ fúnra rẹ̀ kó tó wọṣọ."

Bàbá Séverin wo pọ́tábù tó wà nílẹ̀ bí ẹni pé ejò ni. Ó ní kí gbogbo wọn máa lọ ilé, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú rí nǹkan. Níbi pọ́ǹpù, àwọn obìnrin tó ti ń bá Euphrasie ṣeré á dákẹ́ bó bá ti ń bọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ pé kí ó bá òun mú ọkọ òun tó ti kú sọ̀rọ̀, kí ó sọ ibi tó kó ìwé ilé sí. Euphrasie gbé garawa rẹ̀ kúrò láì tíì kún.

Nígbà tó délé, ó bá Rébecca, ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, lọ́jọ́ tí bàbá fi fókáàlì yẹn ránṣẹ́, ṣé ẹ wà nílé?"

"Mo wà lẹ́yìnkùlé."

"Ẹ ò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ju ẹ̀wà kan dànù, ẹ̀wà náà kò sì bàjẹ́.

Euphrasie rí i. Josué ló ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí ìyá wọn láti Kútọnu lóṣooṣù, Euphrasie náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìyá tó bí i lójú, ó sì kórìíra ara rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Josué dìde, ó ní òun mú ẹ̀rí wá kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ń parọ́. Ó gbé pọ́tábù tirẹ̀ sókè.

"Èmi Eustache ni mò ń sọ̀rọ̀," ni ohùn náà wí. "Josué ni kí ẹ fún ní oko kajú. Òpùrọ́ ni Euphrasie."

Eustache ni. Bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀, bó ṣe máa ń mí kó tó pe orúkọ ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló pé. Bàbá Séverin ṣí fìlà rẹ̀ láìmọ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Josué wí. "Inú fídíò ìrìbọmi ọmọ mi ni mo ti mú ohùn wọn. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ara mi, ẹ̀rọ ló pa á dà. Kò gbà mí tó ìdajì wákàtí. Ṣé irú èyí lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ pín ilẹ̀?"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi dìde. Rébecca kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ.

"Ọkọ mi kò pe ọmọ rẹ̀ ní òpùrọ́ rí."

"Ìyá, àpẹẹrẹ lásán ni mo…"

"Pa ẹnu ẹ mọ́! A sin bàbá ẹ, kò tíì jẹrà, o gbé e dìde, o fi èébú sí i lẹ́nu!" Ó kọjú sí Bàbá Séverin, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo purọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi ni mo bá a di pọ́tábù mú títí tó fi sọ̀rọ̀ tán. Òun ló fi ẹnu rẹ̀ fún Euphrasie ní oko. Mo bẹ̀rù Josué, nítorí oògùn mi ni mo ṣe dákẹ́."

Àgbà kan kùn pé ìyá lè gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀ obìnrin, ta ló mọ̀. Bàbá Séverin gbé ọwọ́ sókè.

"Kí oníkálukú fi pọ́tábù rẹ̀ sápò. Mi ò gbọ́ ti ẹ̀rọ kankan, ì báà ṣe tòótọ́, ì báà ṣe tèké. Rébecca bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí ìkúnlẹ̀. Èyí ni mo gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni oko kajú ṣe di ti Euphrasie. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n tẹ ìka sí i. Josué padà sí Kútọnu láì jẹun.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ Euphrasie kò kún. Tẹ́lẹ̀, bó bá rẹ̀ ẹ́ lóko, á jókòó sábẹ́ igi, á tẹ fókáàlì bàbá rẹ̀, á gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, bó bá ti ń gbọ́ ọ, ńṣe ló ń tẹ́tí wá ibi tí ẹ̀rọ wà. Ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Síbẹ̀, etí rẹ̀ kò gbà.

Nínú oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn òkú, Josué wálé. Ó gba oko lọ bá àbúrò rẹ̀. Ó kí i, ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ ti ewé gbígbẹ.

"Euphrasie, jọ̀ọ́, fi fókáàlì bàbá yẹn ránṣẹ́ sí mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ ni. Èyí tí mo ṣe, mo ti pa á rẹ́, àmọ́ òun ló ń dún sí mi létí. Mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an mọ́."

Euphrasie wò ó títí. Omi wà lójú ọkùnrin náà. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ohùn púpọ̀ sí i ló ń wá fún ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sí bí òun ṣe lè mọ̀.

"Mi ò ní fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó síbí."

Josué jókòó sórí gbòǹgbò igi. Euphrasie fi ọwọ́ méjèèjì di pọ́tábù mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó sún un mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ohùn náà tán, Josué na ọwọ́ láti tún un tẹ̀. Euphrasie fà á sẹ́yìn, ó sì fi ìka ara rẹ̀ tún un tẹ̀ fún un.