Ọ̀dà Kọ̀ Lára Adúrótì

Ìyá Hadassah kò kórìíra Rilwan. Kí a má purọ́ mọ́ ìyá náà. Ó fẹ́ràn bí ọmọkùnrin yẹn ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń bá a ru ẹrù, kò sì ka ti mọ́ṣáláṣí tó ń lọ sí nǹkan kan, torí nínú ẹbí tirẹ̀ ní Iléṣà, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Iṣẹ́ Rilwan ni kò bá a lára mu. Rilwan ń kun mọ́tò ní Mushin, bẹ́ẹ̀ péńtà kan ti ṣe ìyá ní jàǹbá rí.

Mọ́tò rẹ̀ ni ẹni náà bà jẹ́. Píjó àtijọ́ aláwọ̀ búlúù ni. Òun ni ìyá fi ń kó ìkòkò àti abọ́ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀yìngbò, òun náà ló sì fi gbé Hadassah wálé láti ọsibítù lẹ́yìn tó bí i. Adúrótì ló sọ ọ́. Nígbà tí ìpẹtà jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn Adúrótì, péńtà ọjọ́ náà kò gé ibẹ̀, kò jẹ́ kí wẹ́dà jó irin tuntun sí i. Bébà ló kì sínú ihò, ó fi fílà, àtè tí wọ́n fi ń dí ojú irin, rẹ́ ẹ lójú, ó kùn ún, ó ń dán yanran. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ péńtà, ìyá á yínmú, á ní, "Àwọn a-bo-ìdíbàjẹ́-mọ́lẹ̀." Ẹni ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, nígbà tí Hadassah sọ fún un pé Rilwan fẹ́ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá mọ̀ wọ́n nílé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló fún un.

"Kó kọ́kọ́ tún Adúrótì ṣe. Tí mo bá rí i pé kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ fún mi, kó máa kó wọn bọ̀."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Rilwan ní kí Muadh, wẹ́dà tí wọ́n jọ ń lo ọgbà, gé gbogbo ibi tó ti jẹrà títí yóò fi kan irin tó le, kó sì jó páànù tuntun sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ojú ibi tí wọ́n jó títí tó fi tẹ́jú. Ó fi práímà, ọ̀dà àkọ́kùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kun inú ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé láéláé. Fílà tó lò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fi sáńpépà àti omi ọṣẹ ha á, ó fi práímà sí ìta náà, ó tún ha á, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á wò bí ẹni tó ń fi ìpara ra ọmọ tuntun.

"Bro, ṣé ò ń kun mọ́tò yìí ni àbí ò ń fẹ́ ẹ?" ni Muadh bi í.

"Ìyá ìyàwó mi ni mò ń bẹ̀," ni Rilwan fèsì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó fi tínà, omi tó ń gé ọ̀rá kúrò lójú irin, nu Adúrótì tónítóní, ó ní bí òun bá ti kírun dé, kíkùn ló kù. Ìgbà tó máa padà dé, òjò ti ṣú. Ó yẹ kó tún mọ́tò nù kó tó kùn ún. Kò sí péńtà tí kò mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ń bọ̀ wá wo mọ́tò lọ́la, bí ọ̀rinrin bá sì bá ọ̀dà tútù, á ṣe funfun bálabàla. Ó tan kọ̀mpírẹ́sọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọ̀dà.

Ọ̀dà kọ̀. Ó mú ní gbogbo ara mọ́tò àfi ojú ibi tí wọ́n jó. Níbẹ̀, ṣe ló ń sá sẹ́yìn bí omi tó bọ́ sórí ewé kókò. Ojú Hadassah ló kọ́kọ́ sọ sí Rilwan lọ́kàn.

Muadh wá wò ó, ó mi orí. "Fọ́n ọn nípọn lé e. Tó bá ti gbẹ, ta ló máa mọ̀? Kí màmá gbé mọ́tò, kí ìwọ náà gbé ìyàwó."

Ìmọ̀ràn náà dùn létí, n kò ní tàn yín. Rilwan tilẹ̀ tún gbé ìbọn ọ̀dà sókè. Lẹ́yìn náà ló gbé e sílẹ̀, ó fa àkísà àti tínà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ti nu ilẹ̀kùn méjì kó tó ṣàkíyèsí pé ibi tí ọ̀dà ti sá kò kàn rí jákujàku. Ìlà kan wà lóròó, ìkan dábùú rẹ̀. Àgbélébùú ni. Ojú ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jó ló ní tirẹ̀.

Ó pe Bright, tó ń ta bátìrì lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ ni? Màmá wá nígbà tẹ́ ẹ lọ kírun," ni Bright wí. "Wọ́n mú òróró dání. Wọ́n gbàdúrà débi pé Àmín rẹ̀ mí lẹ́nu!"

Rilwan jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò bínú rárá. Gbogbo ibi tí ìpẹtà ti ṣe Adúrótì léṣe ni ìyá wá, tó sì fi ìka rẹ̀ kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ràn ìyá náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ṣú kó tó kan ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ìyá àti Hadassah dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá mọ́tò ní bálabàla. Ojú ìyá le.

"Àṣìṣe mi ni, Mà," ni Rilwan sọ lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Mi ò tún un nù kí n tó kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Ìyá ń yí mọ́tò po, ó ń wá ibi tí wọ́n ti fẹ́ rẹ́ òun jẹ, títí ó fi dé ibi ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Ó dúró. Ó gbé ìka lé àgbélébùú náà, ìka rẹ̀ sì bá a mu rẹ́gí.

"Rilwan, kí lèyí?"

"Ọ̀dà kì í mú lórí òróró, Mà."

"O mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀, Mà."

"O wá ń sọ pé àṣìṣe ẹ ni?"

Rilwan ń wo ilẹ̀. "Ìpẹtà ni mo ṣèlérí pé mi ò ní bò, Mà. Mi ò ṣèlérí pé màá tú ìyá mi fó lójú ọ̀nà."

Hadassah yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá fẹ́ bínú, kò rí i ṣe. Ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé gèlè rẹ̀ yẹ̀. Ó tún un wé, ó ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n di ojú wọn.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹnu lásán ni màá lò. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ìpẹtà jẹ mọ́tò yìí mọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ó rẹ ọwọ́ tó ń tún un ṣe, ọwọ́ àna mi, tí yóò kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá sílé mi..."

"Àmín!" Igbe tí Rilwan ta dé ọ̀dọ̀ Bright lẹ́nu géètì.

Ìyá la ojú kan. "Fara balẹ̀," ló ní, "mi ò tíì parí."